Ẹ yẹ irin ara ọmọ SS wò kí ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó bébà tó ń gbówó lórí lójoojúmọ́.

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ sí ojú ewé ìlera yín láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé kálàmù. Ó ní ọmọkùnrin òun jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lára rẹ̀, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára títí ọ̀rọ̀ náà fi sú òun. Ó wá ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó dára jù pé kó dárúkọ rẹ̀ fún òun. Kò pẹ́ tí àwọn òǹkàwé fi dá a lóhùn. Ẹnì kan ní kó máa po málítì mọ́ tòmátì inú agolo àti mílíìkì. Ẹnì kan dárúkọ oògùn olómi méjì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ó ní kó máa fún ọmọ ní ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, kó má sì dáwọ́ dúró. Òmíràn ní poroporo ọkà bàbà ni kó máa sè fún un mu. Tìfẹ́tìfẹ́ ni gbogbo wọn fi sọ̀rọ̀, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè pé irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà lára ọmọ náà báyìí, báwo ló ṣe pọ̀ tó?

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù, mo sì parí rẹ̀ sí kílíníìkì àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS ní ọsibítù ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Ìlá Ọ̀ràngún ni mo wà báyìí, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé láílọ́ọ̀nù oògùn wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wò ó." Láílọ́ọ̀nù àwọn tó ní ọmọ SS kì í ṣàì ní ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ nínú: èyí tó pọ́n rúsúrúsú, tó ń rùn bí irin tó dípẹtà, tó sì ń sọ eyín ọmọ di dúdú. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé e jókòó ná, wọ́n á wò mí bí ẹni tó ń ṣe ìlara ọmọ wọn. Wọ́n ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ló ń gbé. Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn oògùn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Irin ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀. Aláboyún nílò rẹ̀, nítorí ọmọ inú ń gbà nínú tirẹ̀. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń dà yàlàyàlà nílò rẹ̀. Ọmọ tí aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ìfun náà nílò rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún un lóògùn aràn. Ẹ̀jẹ̀ ti jáde kúrò lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, ó sì ti kó irin lọ. Ẹni tí irin ti lọ lára rẹ̀, ẹ dá irin padà fún un.

Ti SS kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dà síta, inú ara níbẹ̀ ló ti ń fọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti ẹni tó jẹ́ AA máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó gbó. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bó bá fọ́, irin inú rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ara á ṣà á jọ, á tún fi ṣe òmíràn. Ohun tí ara ń lò tán bó ṣe ń sáré ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun ni fólíìkì ásíìdì, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í gbàgbé àtikọ ọ́. Àwọn ìyá kì í fẹ́ràn fólíìkì. Wọ́n ní ó kéré bíńtín, kò wọ́n, kò lórúkọ, báwo ló ṣe máa ṣiṣẹ́? Ìgò ńlá tí wọ́n ya ọmọ tó sanra sí lára ló ń wọ̀ wọ́n lójú.

Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS kan wà tí irin wọn dín lóòótọ́, pàápàá àwọn tí wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí lára rí, tàbí tí oúnjẹ kò tó fún. N kò ní kí ẹ fi irin du irú wọn. Láàbù ló máa sọ èyí tí ọmọ yín jẹ́, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà kan kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ. Lójúmọ́, mílígíráàmù 1 sí 2 ló ń wọlé láti inú oúnjẹ, iye kan náà ló sì ń jáde bí awọ ara ṣe ń ṣí àti bí ara ìfun ṣe ń bó. Kò sí ẹ̀yà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lé irin tó pọ̀ jù síta, bí kíndìnrín ṣe ń lé iyọ̀. Ẹnu ibi àbáwọlé nìkan ni ìṣọ́ wà. Ìfun ló dúró bíi kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́nu bodè Ìdíìrókò, tó jẹ́ pé bí irin bá ti tó nílé, kò ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń kán tótó láti inú ike bọ́ sínú iṣan kò gba ẹnu bodè kọjá rárá. Píńtì kan ní irin tó tó mílígíráàmù 200 sí 250. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ara bá ń sọ mílígíráàmù 2 nù lóòjọ́, tí kò sì gba ẹyọ kan wọlé mọ́, ó máa ju oṣù mẹ́ta lọ kí irin píńtì kan ṣoṣo tó tán. Ta ni kì í jẹun fún oṣù mẹ́ta?

Orí èyí ni a tún wá ń da oògùn ẹ̀jẹ̀ lé. Hóró ferrous sulphate kan tó jẹ́ mílígíráàmù 200, bíi 65 nínú rẹ̀ ni irin gan-an. Òótọ́ ni pé ìfun ẹni tí ara rẹ̀ pé kò ní gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àìsàn tí ara ti ń sáré ṣe ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ìfun lè dẹra nù, kó máa jẹ́ kí irin wọlé ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà á pamọ́, kì í sì í tètè pariwo. Ọdún lè gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Bó bá wá pọ̀ kọjá àlà, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá nínú, á máa le. Irin á tún wọ àwọn ẹ̀yà tó ń ṣe họ́móònù nínú agbárí, ọmọ kò ní bàlágà lásìkò. Ó lè wọ ibi tí ara ti ń ṣe insulíìnì, kí àtọ̀gbẹ tẹ̀lé e. Ó lè wọ iṣan ọkàn. Ti ọkàn yìí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní thalassaemia, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àwọn ará Kípírọ́ọ̀sì, Gíríìsì àti Ítálì fínra. Ara wọn ni àwọn dókítà ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí nípa irin. Lára àwọn ọmọ SS tiwa, ẹ̀dọ̀ ló máa ń gba ìyà náà jù.

Mo tọ́jú ọmọbìnrin kan tó ti pé ọdún 17, tí ẹ̀yin ì bá rí i tí ẹ ó pè é ní ọmọ 11. Àyà rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò tíì rí nǹkan oṣù. Ara rẹ̀ dúdú, kì í ṣe dúdú tí Ọlọ́run dá a, dúdú tó dàpọ̀ mọ́ eérú, ó hàn jù lójú àti lẹ́yìn ọwọ́. Àwọn ará àdúgbò ti ní ìyàwó bàbá rẹ̀ ló dì í. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹni tó lákíkanjú, ó ń ta aṣọ òkè, kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà jáfara. Bó bá ti rí i pé ojú rẹ̀ funfun díẹ̀, ọsibítù aládàáni tó sún mọ́ wọn ló ń gbé e lọ. Wọ́n á yẹ PCV wò, ìyẹn ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á jẹ́ 22, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí 22 yìí. Lójú ẹni tó jẹ́ AA, PCV 22 jẹ́ ohun ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ SS ló jẹ́ pé iye tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, tí wọ́n fi ń lọ ilé ìwé, tí wọ́n fi ń jó níbi ìnáwó. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì kúrò níbi tó máa ń wà, tàbí tí mímí ń nira, tí àmì rọpárọsẹ̀ bá yọ, ẹ sáré, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbà á là. Mo ti rí ọmọ tí píńtì kan dá padà láti ẹnu ikú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà mi kó wá kọ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà nítorí pé nọ́ńbà bébà kò dùn mọ́ wa nínú ni mo ń bá wí.

Nígbà tí dókítà àgbà wa béèrè iye píńtì tí ọmọbìnrin náà ti gbà láti kékeré, ìyá rẹ̀ kó káàdì ọsibítù oríṣiríṣi sórí tábìlì. Kò sí èyí tí wọ́n kọ iye sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á: ti ọdún Kérésì tí wọ́n lọ sí Iléṣà, ti Iléyá tó tẹ̀lé e, ti ìgbà tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò kọ́mọ́ọ̀nù. Ìka tán. Nínú àpò rẹ̀ ni ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ wà, pẹ̀lú fítámì C tí wọ́n ní kó máa fi tì í kó lè tètè wọ ara. Fítámì C máa ń ran irin lọ́wọ́ láti wọlé lóòótọ́, ohun tí ọmọ yìí kò fẹ́ rárá nìyẹn. Lára ẹni tí irin ti kún dẹ́nu, kéèyàn máa gbé fítámì C mì ní ọ̀pọ̀ láìsí dókítà lè kó bá ọkàn.

Èsì ferritin rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí irin tó wà nípamọ́ lára ṣe pọ̀ tó hàn, dé láti láàbù: ó lé ní 4,000. Ti obìnrin tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ju 200 lọ, bó bá sì ti ń wà lókè 1,000 ni àwọn dókítà ti máa ń gbèrò oògùn tó ń fa irin jáde. Dókítà wa kò yára di gbogbo ẹ̀bi lé irin lórí. Ó ṣàlàyé pé SS fúnra rẹ̀ máa ń fa ìbàlágà sẹ́yìn. Ó tún dúró kí kíráísìsì rẹ̀, ìrora líle tó máa ń dé sí ẹlẹ́jẹ̀ SS, lọ sílẹ̀ pátápátá kó tó yẹ ferritin wò lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ibà àti ìrora máa ń gbé nọ́ńbà yẹn sókè ní èké. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àyẹ̀wò yìí lọ́jọ́ tí ọmọ ń ké nínú ìrora, ẹ gbọ́ o. Ti ẹ̀ẹ̀kejì náà kò yàtọ̀ púpọ̀.

Desferrioxamine, oògùn tó ń fa irin jáde, ni wọ́n kọ fún un. Láti ara kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sì ni wọ́n ti ń lò ó. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá ni lágara. Abẹ́ awọ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí, ẹ̀rọ kékeré kan á máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 8 sí 12, alẹ́ márùn-ún sí méje lọ́sẹ̀. Àǹtí rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ẹ̀rọ ránṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe fún awọ ikùn jọ kó tó fi abẹ́rẹ́ wọ ọ́, lónìí lápá ọ̀tún, lọ́la lápá òsì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà sáré wọ wọ́ọ̀dù, ó gbé póò lọ́wọ́, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ gbà mí, ọmọ mi ń tọ ẹ̀jẹ̀!" Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ̀ náà pọ́n bí omi zóbò tí wọ́n fi omi là. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá, irin ló ń jáde yẹn." Ó tún un wò, ó jókòó sílẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi àwọ̀ ìtọ̀ díwọ̀n iṣẹ́ oògùn, bó bá mọ́ gaara á ní ẹ̀rọ náà ti yọ nígbà tí ọmọ sùn.

Lóde òní, deferasirox wà, òun náà ń fa irin jáde. Mímu ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ọdún 2005 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Deferiprone náà wà, mímu lòun náà. Kò sí èyí tí a kàn lè rà lọ́jà lò láìsí dókítà. Deferasirox lè pa kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ lára, deferiprone lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró fún ẹni tó bá ń lò wọ́n. Owó wọn sì ga. Àwọn òbí tí mo mọ̀ ń rà á fún oṣù kan, wọ́n á sinmi oṣù méjì, irin á tún padà sáyè rẹ̀.

Irin nìkan kọ́ ni oògùn lè kó jọ sínú ẹni. Ní àwọn ọdún 1970, ní Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Denver ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, wọ́n ń jáyà gìrì, iyè wọn ń ra, àwọn mìíràn sì ń kán egungun láìṣubú. Lọ́dún 1976, dókítà Allen Alfrey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denver tẹ̀ ẹ́ jáde pé alumíníọ́mù inú ọpọlọ àwọn tó ti ipa àìsàn yìí kú ga ju ti àwọn mìíràn lọ. Omi tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn, oògùn aluminium hydroxide tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ nítorí èròjà fọ́sífétì tó ń pọ̀ jù lára wọn náà sì wà níbẹ̀. Irú èròjà yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn inú-rírun tí a ń rà láìbéèrè. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá á tọ̀ ọ́ dànù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tó sì sọ ọ́ di omi mímu, kí ó lọ sọ fún dókítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má gbàgbé láti mẹ́nu ba Mist Mag, oògùn inú-rírun olómi, náà, torí magnesium lòun fi ń kó jọ. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, ní ilẹ̀ Faransé, nǹkan bí 1,000 ènìyàn ni bismuth inú oògùn ikùn da orí wọn rú, kí ìjọba ibẹ̀ tó fòpin sí i.

Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, ti yín ló kọ́kọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tún kọ̀wé sí yín láti yan oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ferritin wò ná. Ìpolówó oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń gba ìdajì ojú ewé yín, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lowó ti ń wọlé, n kò ní kí ẹ lé wọn.

Àwọn ọsibítù ni ẹ̀bẹ̀ kejì kàn. Ọmọ tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ẹ kọ iye píńtì, ọjọ́ àti ìdí rẹ̀ sí ìwé kékeré kan tí ìyá rẹ̀ máa gbé dání. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ṣòro fún wa láti ṣe, èyí kò lè ṣòro. Ẹ sì máa sọ̀rọ̀ oògùn hydroxyurea fún àwọn òbí, torí ó ń dín kíráísìsì kù, ó ń dín iye ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ gígbà á di dandan kù pẹ̀lú. Dókítà ló ń ṣọ́ ìlò rẹ̀, kì í ṣe oògùn ọjà.

Ẹ̀kẹta ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù lágbàáyé, iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni nǹkan bí 150,000 lọ́dún. Kí àyẹ̀wò ferritin àti oògùn afa-irin-jáde wà lára ohun tí adójútòfò ń san fún wọn láìsí àríyànjiyàn.

Màmá ọmọ náà, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn tó wà nílé, títí kan àgbo, ẹ gbé wọn lọ sí kílíníìkì SS tó bá sún mọ́ yín. Ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú. Lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá le, tí kò sí ibà, tí kò sí ìrora, ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV àti ferritin rẹ̀ wò. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ pẹ̀lú bírò, gàdàgbà, kí dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí tó bá bá a pàdé lóru lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń wà.

Èmi ni tiyín,
Màmá Nọ́ọ̀sì,
Ìlá Ọ̀ràngún, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.